Aṣọ Òkè Inú Mọ́tò Ọ̀gá Jóṣúà

Ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ ká wojú ara wa. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohun tí Dàpọ̀, ọmọ ọmọ mi, ń wí. Ó ní aṣọ abẹ́ òrùlé mọ́tò òun ti já wálẹ̀, ó ń fọwọ́ pa òun lórí bí òun bá ti ń wakọ̀. Nítorí náà, òun yóò gbé e lọ sí Òṣogbo lọ́la, wọn yóò tú inú rẹ̀ palẹ̀, wọn yóò fi tuntun sí i, òun yóò sì ti padà dé Ìkìrun kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ẹ jókòó tì í náà ń kẹ́dùn. Ìyà ń jẹ yín lóòótọ́.

Mi ò ní bá yín jà. Ẹni tí ìyà kò jẹ rí, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ yóò pe ẹbí jọ. Ẹ ṣáà jẹ́ n sọ bí a ti ń ṣe é nígbà tiwa. Mi ò sọ pé ìgbà tiwa dára jù. Àwọn àgbà tó ń sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dára, irọ́ ni wọ́n ń pa. Orúnkún wọn àtijọ́ ni wọ́n ń wá.

Nígbà tiwa, ilé la ti ń tún inú mọ́tò ṣe. Kì í ṣe pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Ìtìjú ni. Mọ́tò kò pọ̀ nígbà náà láti Ìkìrun dé Òkukù. Ẹni tó bá ní ọ̀kan ti di ẹni tí ayé ń wò, ẹni tí ayé bá sì ń wò kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí inú òun. Bí ẹ bá rí ọkùnrin tó ń fọ mọ́tò lójúde, tó ń kọrin, tó ń da omi bí ẹni tó ni odò Ọ̀tìn, ara mọ́tò ló ń fọ̀ yẹn. Bí ẹ kò bá gbọ́ orin, tí ẹ kò rí mọ́tò lójúde, tí ẹ ń gbọ́ òòlù kékeré lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ẹ má lọ kí i. Inú ti jẹrà nìyẹn. Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹnu a máa yọ́ni ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún inú mọ́tò ṣe, ohun abẹnu ti yọ́ òun ṣe ná, kó tó wá máa yọ́ rìn.

A ó kọ́kọ́ yọ àga síta, a ó tò ó sínú oòrùn lórí ẹní bí aláìsàn. Ẹ kò mọ ohun tó ń bẹ lábẹ́ àga mọ́tò nígbà náà. Èèpo ẹ̀pà, egungun ẹja, ọmọ eku tí kò tíì lajú, ojú ewé tó já lára ìwé orin ìsìn. A rí eyín àtọwọ́dá nígbà kan. Ẹni tó ni ín ti fi í bú ìyàwó ilé lólè, ó sì ti fi ẹnu òfìfo jẹ ọdún Kérésì. Sípíríìnì inú àga kò jẹ́ kí èèyàn ní àṣírí: bí o bá jókòó, yóò ní "kẹ́ẹ́ẹ̀", bí o bá dìde, yóò ní "wọ̀ọ́ọ̀", gbogbo àdúgbò yóò mọ̀ pé o ti dé láti ibi tí o kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé o lọ. Abẹ́rẹ́ ìránpò àti okùn tí a fà yọ lára táyà la fi ń rán ibi tó bá ya. Ibi tí fóòmù bá ti tán, òwú àràbà la ń kì bọ̀ ọ́, òwú náà yóò sì máa fò símú èrò títí wọn yóò fi sín dé Òṣogbo. Bí lẹ́dà ara ilẹ̀kùn bá bó, páálí bisikíìtì la ó gé dí i. Olùkọ́ kan wà ní Ìgbàyè tó jẹ́ pé bí o bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀, ìwọ yóò máa kà á lára ilẹ̀kùn náà pé kí wọ́n má jẹ́ kí omi kan ọjà yìí. Olùkọ́ náà kì í sì í wẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ìlú ló fi rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá Jóṣúà ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni ní Inísà. Ó jù mí lọ púpọ̀. Ó yẹ kí n máa fi "wọ́n" pè é. Ẹ má bínú, ẹnì kan ṣoṣo ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà ní Òkukù, ilé rẹ̀ ní Inísà ni mo sì ń gbé. Mo ní ìwé ẹ̀rí tí mo fi gíláàsì bò kọ́ sára ògiri, mi ò ní kẹ̀kẹ́. Òun ní mọ́tò. Nítorí náà, èmi ni mò ń kí i.

Mọ́tò rẹ̀ ni ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn róbótó tí a ń pè ní ìjàpá. Láti ìta, ó ń dán bí orí abẹ́rẹ́ tuntun. Nínú, ẹ jẹ́ n má purọ́, ewúrẹ́ yóò ro ó dáadáa kó tó wọ̀ ọ́. Aṣọ abẹ́ òrùlé rẹ̀ ti já, ó so rọ̀ bí awọ ọrùn tòlótòló. Dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ti là nínú oòrùn, ó wá yọ́ àbẹ́là sínú rẹ̀, ó sì fi àdín kùn ún kó lè máa dán. Ọjọ́ tó ń kun àdín náà ni Bàbá Èṣùgbàyí, aládùúgbò wa tó ń bọ òrìṣà, yọjú láti ẹ̀yìn ọgbà.

"Ọ̀gá, àdín kọ́ nìyẹn?"

"Àdín ni, Bàbá."

"Sára ohun tó ń lọ sójú títì? Èèwọ̀ Èṣù ni àdín o. Èṣù ló sì ni oríta."

"Bàbá, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni oríta," ni Ọ̀gá Jóṣúà dáhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kí ìjọba ìbílẹ̀ fún wa tí ẹ bá dé ibẹ̀."

Ní oríta Ìkìrun gan-an ni mọ́tò náà kú sí ní ọjọ́ ọjà. A tì í títí apá wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ. Ọ̀gá Jóṣúà ní ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù lásán ni, kò sí ohun tó ń jẹ́ Èṣù. Nígbà tí a délé, ó bu omi gbígbóná, ó mú ọṣẹ, ó fọ àdín náà dànù.

Báyìí ni ayé wa rí nígbà tí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì súnmọ́lé. Oyè Bàbá Ìjọ ṣófo ní ọdún náà nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ ti kú. Kí omijé tó gbẹ lójú àwọn opó rẹ̀ ni Ọ̀gá Jóṣúà ti ń kọ́ bí Bàbá Ìjọ ṣe ń rìn. Alága ìkórè ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò mú kí wọ́n fi oyè náà fún ẹni tó bá wù ú. Ọlọ́rọ̀ kan ni, ọmọ Ìkìrun, ó ti ṣòwò ní òkè Ọya, ó ti wá sílé wá sinmi. Ọ̀gá Jóṣúà bá dìde nínú ìpàdé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, òun yóò fi mọ́tò òun lọ gbé Alága láti Ìkìrun wá sí Inísà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìgbà tó jókòó ló tó rántí inú mọ́tò.

Ó gbé e lọ bá ọkùnrin kan tó ń rán inú mọ́tò ní Ìkìrun. Mo bá a lọ. Ọkùnrin náà ki orí bọ inú mọ́tò, ó sì tètè yọ ọ́ jáde.

"Ọ̀gá, aṣọ òkè yìí ti kú. Ẹ wá aṣọ òkè mìíràn, kó nípọn díẹ̀, kí ẹ sì gbé mọ́tò náà sílẹ̀ fún mi."

Bí àwọn oníṣẹ́ yẹn ṣe ń pè é nìyẹn: aṣọ òkè, nítorí pé òkè ló wà. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ pé a ní aṣọ òkè mìíràn nílẹ̀ Yorùbá, èyí tí ahunṣọ ń hun, tí a ń pè ní òfì. Ẹ má gbàgbé orúkọ yẹn, nítorí òun ló gbé wa dé ibi tí a dé.

"Kí n gbé mọ́tò sílẹ̀?" ni Ọ̀gá Jóṣúà wí. "Kí gbogbo Ìkìrun wá máa ki orí bọ inú mi? Gọ́ọ̀mù wo lẹ fi ń lẹ̀ ẹ́? Ẹ tà á fún mi." Ó ra agolo gọ́ọ̀mù kan, a sì padà sílé.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ọ̀gá Jóṣúà, aláró ni wọ́n nígbà tí aró ṣì jẹ́ iṣẹ́. Ìkòkò aró wọn tò lẹ́yìnkùlé yẹn nígbà kan, ó ń rùn dé ojú ọ̀nà rélùwéè. Ẹ̀yin kò mọ òórùn aró. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó dùn, kò gbé nítòsí rẹ̀ rí. Nígbà tí aṣọ oyìnbó dé tí ẹnikẹ́ni kò gbé aṣọ wá fún wọn rẹ mọ́, àwọn ọmọ sọ ìkòkò náà di ibi tí adìẹ ń yé sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ìyá ṣì dúdú dé ìgúnpá, kò ṣí títí wọ́n fi kú. Nígbà tí wọ́n ṣì lágbára, wọ́n ran òwú fúnra wọn, wọ́n rẹ ẹ́ láró fúnra wọn, wọ́n gbé e fún ahunṣọ kan ní Òkukù, ó sì bá wọn hun ẹtù, aṣọ òkè aláró. Ẹtù ni baba aṣọ. Ìyá kò ró o rí, wọn kò fi í ṣọdún rí. Inú àpótí ló wà pẹ̀lú kàfúrà. Aṣọ ìkẹyìn wọn ni, èyí tí wọ́n fẹ́ ká fi sin wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún láyé nìyẹn, wọn kì í sì í dákẹ́ lórí ẹ̀.

"Ẹ má fi léèsì sin mí o," ni wọ́n máa ń wí fún gbogbo ẹni tó bá wọlé, títí dé orí ẹni tó wá ta kẹrosíìnì. "Mi ò fẹ́ kí àwọn tó ti lọ ṣáájú máa gba ojú ihò wo ara mi."

Kòkòrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí aṣọ náà ní ọdún yẹn. Ìyá ti bẹ ọmọ wọn títí pé kó bá wọn gbé e jáde, kó sá a, kó wá ẹni tí yóò bá wọn rán etí rẹ̀. Ọ̀gá Jóṣúà ń sọ pé ó di ọ̀la. Ó wá di ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, èmi náà wà níbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́, ó wọlé tọ̀ wọ́n.

"Ìyá, mo fẹ́ tún aṣọ òkè ṣe."

Ìyá gbójú sókè. "Jóṣúà, ìwọ náà nìyí? O rántí aṣọ òkè?"

"Mo rántí, Ìyá. Ìkórè ti dé tán, kò yẹ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́."

"O ó ṣe é kó dára?"

"Yóò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò yìn ín."

"Olúwa yóò tún tìrẹ náà ṣe," ni Ìyá wí. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ àpótí létí ìró wọn, wọ́n sì gbé e lé e lọ́wọ́. Wọ́n súre fún un títí ẹ̀kọ mi fi tutù. Ohun tí Ìyá gbọ́ ni èmi náà gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ tó ń fi èdè Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní ọ̀rọ̀ tó tó, ẹ wò ó: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó tó ìyá àti ọmọ láti jọ pín, oníkálukú sì mú tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo ti Òkukù dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá Ọ̀gá Jóṣúà tó fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú mọ́tò lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ síta. Òórùn gọ́ọ̀mù ti gùn ún, ó ń kọrin ìsìn, ó ń rẹ́rìn-ín láàárín ẹsẹ orin. Mo yọjú wo inú mọ́tò. Ẹtù ni. Ó ti gé e ní ìwọ̀n, ó ti ṣẹ́ etí rẹ̀ sábẹ́ irin, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ òrùlé, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, ó dára. Mi ò tíì rí mọ́tò tí inú rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìkà kì í ṣe iṣẹ́ àṣetì.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìkórè ni Ìyá lọ da àgbàdo fún adìẹ, wọ́n bá gba ẹ̀gbẹ́ mọ́tò kọjá. Wọ́n dúró. Wọ́n fi ọwọ́ nu ojú gíláàsì, wọ́n tún wò.

"Jóṣúà."

"Ìyá."

"Kí ni mò ń wò yìí?"

"Aṣọ òkè ni, Ìyá. Ṣebí mo sọ fún yín pé mo fẹ́ tún un ṣe."

"Aṣọ òkè mi!"

"Òun náà ni. Ẹ wò ó dáadáa, Ìyá. Aṣọ òkè ni tẹ́lẹ̀, òkè náà ló ṣì wà. Kò kúrò ní orúkọ ẹ̀."

Ọ̀gá ilé ìwé ni. Ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀.

"Kí ni ẹ ó wá fi sin mí?"

"Ẹ ó pẹ́ láyé, Ìyá. Tí àkókò bá tó, a ó ra léèsì. Léèsì tó dára, èyí tí àwọn èèyàn ńlá ń lò."

 Ó ti yé Ìyá pé ọkàn ẹni tí àwọn ń bá sọ̀rọ̀ kò sí nílé. Wọ́n da àgbàdo tó kù lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé ọ̀pá wọn lé itan.

"Ibi tí aṣọ mi bá wà," ni wọ́n wí, "ibẹ̀ ni ara mi wà."

A bẹ̀ wọ́n. Aya Ọ̀gá Jóṣúà gbé iyán wá, wọ́n jẹ ẹ́ nínú mọ́tò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, wọ́n wọlé lọ sùn, a sì rò pé ó tán. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ìkórè, nígbà tí Ọ̀gá Jóṣúà wọ agbádá tuntun tó jáde síta, Ìyá ti jókòó sí àyè wọn. Kò sí bó ṣe lè fa ìyá rẹ̀ jáde ní ẹsẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Olúwa, nítorí àwọn aládùúgbò ti jáde, Bàbá Èṣùgbàyí sì ti gbé àga síta láti wòran.

"Ọ̀gá, ẹ máa kí ìjọba ìbílẹ̀ o!" ni Bàbá ké sí i.

Bí a ṣe lọ sí Ìkìrun nìyẹn, Ọ̀gá Jóṣúà nídìí ọkọ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyá lẹ́yìn. Alága ti ń dúró, ó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó ga, ó sanra, òórùn pómédì rẹ̀ sì ti kí wa kí òun tó kí wa. Ó tẹ̀ kòrókòró kó tó lè wọ ẹ̀yìn ìjàpá. Nígbà tó jókòó, fìlà rẹ̀ kan òkè.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá."

Ìyá ti fẹ̀yìn tì, wọ́n di ojú, wọ́n ká ọwọ́ dúdú wọn méjèèjì lé àyà. "Ẹ káàárọ̀. Ẹ fi ara balẹ̀. Ẹ na ẹsẹ̀ yín."

"Ọ̀gá Jóṣúà," ni Alága wí, "inú mọ́tò yín mà dára o! Ẹtù gidi! Èmi gan-an kò ní irú eléyìí."

"Ohun kékeré ni, Alága," ni Ọ̀gá Jóṣúà dáhùn. Ọrùn rẹ̀ ń gùn sí i lójú mi. "Èmi gbà pé òrùlé ni iyì mọ́tò."

"Kò kéré," ni Ìyá wí, wọn kò lajú. "Aṣọ ìsìnkú mi ni."

Ọ̀gá Jóṣúà tẹ fèrè mọ́tò, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

"Ìyá ń ṣeré," ni Ọ̀gá Jóṣúà wí.

"Mi ò ṣeré. Mò ń wọ̀n ọ́n wò ni. Alága, apá tí wọn ì bá fi bò mí lójú ló wà lókè fìlà yín yẹn. Apá ẹsẹ̀ ló wà lórí Jóṣúà. Ibẹ̀ tọ́ sí i."

Alága fẹ́ sún orí kúrò. Kò sí ibi tó fẹ́ sún un sí nínú ìjàpá, gbogbo òkè ni aṣọ wà. Ó ṣí fìlà kó lè rí àyè. Fìlà náà ti di aró lókè. Oòrùn ti mú, òógùn àti pómédì ti bo orí rẹ̀ tó pá, orí náà sì ti ń ra aṣọ òkè náà; ó fọwọ́ kàn án, ọwọ́ náà di aró.

"Kí lèyí? Kí ló wà lórí mi?"

"Aró ni," ni Ìyá wí. "Ọwọ́ ara mi ni mo fi rẹ ẹ́. Ẹ má ṣe ara yín níyà, kì í tètè ṣí." Wọ́n wá lajú, wọ́n wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "A ti jọ wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí. Tí ẹ bá ṣáájú mi dé ọ̀run, ẹ bá mi kí wọn."

"Dúró! Mo ní kí o dúró, Jóṣúà! Ṣé o fẹ́ fi mí rọ́pò ìyá ẹ ni?"

A kò tíì dé Inísà. Ojú ọ̀nà rélùwéè ni Alága ti bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú bí ó ti sanra tó, èmi gan-an kò mọ bó ṣe ráyè gbà jáde. Ọkọ̀ tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko ló dá dúró. Wọ́n fà á gun orí iṣu. Bí Alága ìkórè ṣe dé ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn, láàárín iṣu, orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àwọn kan nínú ìjọ rò pé òun fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ tà lọ́jà ìkórè. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sì dúró jẹun. Wọ́n ní kí ọ̀rọ̀ oyè Bàbá Ìjọ dúró ná.

Lálẹ́ ọjọ́ náà kọ́, ní ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá Jóṣúà wọ mọ́tò láti já aṣọ náà. Kì í ṣe nítorí Ìyá, nítorí àjálù tó gbé bá a ni. Gọ́ọ̀mù kò gbà. Ibi tó fà ya, fọ́nrán òwú sì ṣẹ́kù sára irin. Ìyá dúró tì í, wọ́n ń wò.

"Fi sílẹ̀," ni wọ́n wí nígbà tó yá. "O ń ya mí."

Láti ọjọ́ náà, bí oòrùn bá ti kan àtàrí, Ìyá yóò lọ jókòó sẹ́yìn mọ́tò lábẹ́ aṣọ wọn. Ìlú sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ ilé ìwé Ọ̀gá Jóṣúà ń kọrin bí wọ́n bá ń kọjá pé Ìyá Àgbà ní pósí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi lódò ní kí Ìyá ṣọ́ra kí wọ́n má lọ sọ́run láìní láísẹ́ǹsì. Ẹ má rò pé àwọn èèyàn àtijọ́ ní àánú jù yín lọ. Wọn kò ní fóònù tí wọ́n lè fi ya fọ́tò rẹ̀ ni. Ọ̀gá Jóṣúà kò lè gbé mọ́tò jáde lọ́sàn-án, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé dókítà ló ní kí òun máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n bá òkú Ìyá níbẹ̀, ojú wọn ṣí, wọ́n ń wo òkè. Mo wà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Jóṣúà nígbà tí wọ́n sá wá sọ fún un. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ṣé orí àga ni?"

Ó ra léèsì. Funfun ni, ihò rẹ̀ pọ̀ bí ti ajere. Ó ti tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó ń fi han àwọn àlejò, nígbà tí ìyá tèmi ti Òkukù dé pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé wọn. Ìyá mi wo léèsì náà, wọn kò fọwọ́ kàn án.

"Mọ́tò dà?"

"Àǹtí, kò ṣe é yọ mọ́. Gọ́ọ̀mù ni. Yóò ba òrùlé jẹ́."

"Mo ní mọ́tò dà, Jóṣúà?"

Abẹ fẹ́lẹ́ ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wọ inú mọ́tò, wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ara wọn, a sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ níta, ṣàà, ṣàà, bí ìgbà tí wọ́n ń họ ìpẹ́ ẹja. Ó ń jábọ́ ní ẹyọ ẹyọ, òmíràn tó àtẹ́lẹwọ́, òmíràn kò tó ìka, gọ́ọ̀mù gbẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí èépá. Wọ́n kó o jọ sínú igbá. Wọ́n tẹ́ aṣọ tẹ́rù funfun sílẹ̀, wọ́n rán ẹtù náà mọ́ ọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọn kò mọ èyí tó jẹ́ apá ẹsẹ̀ mọ́, wọn kò mọ èyí tó jẹ́ apá orí. Òun la fi sin Ìyá. Ó rí jágbajàgba bí aṣọ wèrè. Èyí tó wá bọ́ sójú wọn ṣì ń rùn pómédì.

Nígbà tí wọ́n ń gbé Ìyá jáde, Ọ̀gá Jóṣúà kò tẹ̀lé wọn. Ó ti lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ó rí irin lásán lókè, abẹ ti ya ojú rẹ̀ yánnayànna. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó di orí mú.

"Òrùlé mi!" ló ń ké. "Yéè, òrùlé mi! Òrùlé mi ti ṣí o!"

Gbogbo èrò ìsìnkú dúró. Mi ò tíì gbọ́ ẹkún tó ti ọkàn wá tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, wọ́n ń sọ fún ara wọn pé òótọ́ ni, ìyá ni òrùlé ọmọ. Àwọn ọkùnrin tó ti fi Ìyá rẹ́rìn-ín lánàá ń nu ojú. Ìyá mi nìkan ni kò sunkún mọ́. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn," wọ́n sì yí padà tẹ̀lé òkú ẹ̀gbọ́n wọn. Pásítọ̀ gba ọ̀rọ̀ òrùlé náà, ó fi ṣe ìwàásù lójú oórì, Alága náà sì wà níbẹ̀, ó dé fìlà dúdú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ìkórè mìíràn tó dé, wọ́n ti fi Ọ̀gá Jóṣúà jẹ Bàbá Ìjọ. Alága fúnra rẹ̀ ló dìde tó sọ̀rọ̀. Ó ní ohun tí ìjọ nílò ni ọkùnrin tó mọ iyì ìyá.